Nígbà Tí Ìjọba Yá Wa Ní Ẹ́ńjìnnì

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń sọ ọ́ lójú mi pé ìjọba kò ṣe nǹkan kan rí fún apẹja Ìlàjẹ. Irọ́ ni. Ọdún gbọọrọ ni mo fi jẹ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn apẹja ní abúlé wa, ní etíkun láàárín Ayétòrò sí Awóyè. Èmi ni mò ń kọ lẹ́tà, èmi ni mò ń kó fọ́ọ̀mù lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Igbókòdá, èmi náà ni mò ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì de ọ̀gá tí a ti ń retí láti àárọ̀. Ìrànwọ́ wá. Ó wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, orúkọ rẹ̀ a sì máa yí padà bí ìjọba bá ti ń yí padà. Irú èyí tó wá ni mo fẹ́ sọ.

Kí ìjọba tó mọ ọ̀nà abúlé wa, àwọn ìyá ẹlẹ́ja ni báǹkì wa. Ìyá tó ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ ni yóò fún ọ lówó òwú àwọ̀n, òun ni yóò ra ọkọ̀ tuntun fún ọ bí igi ti àtijọ́ bá jẹrà, òun ni yóò sanwó oògùn bí ọmọ rẹ bá ṣàìsàn. Kò ní gba èlé kọ́bọ̀ kan. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹja tí o bá pa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni o ó gbé e wá, òun ni yóò sì dá iye lé e. Bí o bá yọ́ ẹja lọ tà fún ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ di ti iwájú àgbà nìyẹn. Bí o bá sẹ́ gbèsè pátápátá, wọ́n á ní kí o wá fi òrìṣà Ayélála búra, kò sì sí ọmọ Ìlàjẹ tí orí rẹ̀ pé tí yóò fi Ayélála búra èké nítorí owó àwọ̀n. Mo mọ àwọn apẹja tó jẹ ìyá kan ní gbèsè láti ìgbà tí wọ́n ti gbéyàwó títí wọ́n fi kú, tí ọmọ wọn jogún rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó wá ṣe ìwádìí lẹ́yìn ìgbà náà pè é ní ìrẹ́jẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìyá yẹn mọ orúkọ ọmọ rẹ, ó mọ ìgbà tí omi kò sẹ́ja, kì í sì í bèèrè owó rẹ̀ lásìkò ìjì.

Ìyá tèmi náà wà lára wọn. Ilé èéfín rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wa, lórí òpó nínú omi bíi gbogbo ilé yòókù. Igi ẹ̀gbà ni wọ́n fi ń yan ẹja, nítorí kì í tètè jó tán, ẹja tí wọ́n bá sì fi yan a máa pupa rẹ́súrẹ́sú, kì í bàjẹ́ kó tó dé ọjà òkè. Ìyá mi kò mọ̀wé. Èédú ló fi ń fa ìlà sára pákó ògiri, ìlà kan fún agbọ̀n ẹja kan, pákó kọ̀ọ̀kan sì ní apẹja tó ni ín. Nígbà tí mo parí ilé ìwé, mo ra ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan fún un. Ó dúpẹ́, ó fi dé ìkòkò. Ara pákó ló ń kà títí tó fi kú, mi ò sì rí i kó ṣìṣirò rí.

Lásìkò yẹn, àwọn ará òkè, àwọn oníkòkó, ni ìjọba mọ̀. Marketing Board tó ń ra kòkó ti wà láti 1947. Nígbà tó di 1954, ti Ìwọ̀-Oòrùn dá dúró lọ́tọ̀. Mi ò ní jẹ́ aláìmoore: nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, owó kòkó wà lára ohun tó gbé e ró, ọmọ apẹja sì jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba tún máa ń ta oògùn fún àwọn oníkòkó ní ẹ̀dínwó, kí kòkòrò má bàa pa igi wọn. Gammalin 20 ni èyí tó gbajúmọ̀ jù. Oògùn tí wọ́n fi owó ìlú dín iye rẹ̀ kù fún àgbẹ̀ òkè yìí rìn wá sí ìsàlẹ̀, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ pa ẹja láìju àwọ̀n. Agolo kan péré nínú odò tí kò ṣàn kíkankíkan, kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹja ti léfòó. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan nínú odò tó wọ igbó lẹ́yìn abúlé wa: èpìyà, àrọ̀, àtàwọn ọmọ ẹja tí kò tíì tó ìka ọmọdé, gbogbo wọn da ikùn funfun sókè. Àwọn àgbà lu agogo pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Síbẹ̀ àwọn kan kó o, wọ́n yan án, wọ́n tà á ní ọjà òkè. Kò ní yà mí lẹ́nu bí oníkòkó bá wà nínú àwọn tó rà á jẹ.

Ohun tó jẹ́ kó dun àwọn àgbà tó bẹ́ẹ̀ ni pé odò yẹn gan-an ni wọ́n máa ń sé. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ta màrìwò sí ẹnu rẹ̀. Bí o bá ti rí màrìwò, kò sí àwọ̀n, kò sí ìgèrè, kò sí ìwọ̀, títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi dé, tí wọ́n á ṣí i fún gbogbo abúlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tọmọdé tàgbà ni yóò wọnú omi lọ́jọ́ yẹn, opó tí kò ní ọkọ̀ pàápàá á gbé agbọ̀n tirẹ̀ wá. Ẹni tó bá kọjá màrìwò yóò san ewúrẹ́, wọn ò sì ní bá a fọ̀ títí yóò fi san án. Kò sẹ́ni tó fún wa ní kọ́bọ̀ kan láti máa ṣe é.

Àwọn ará Ayétòrò ti ń ṣe tiwọn lọ́tọ̀. Láti 1947 tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó, wọ́n kó gbogbo iṣẹ́ àti èrè sínú àpò kan. Wọ́n ń kan ọkọ̀, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà, iná mànàmáná sì ń tàn lọ́dọ̀ wọn ní àwọn ọdún 1950 nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú lókè ṣì ń tan àtùpà. A máa ń wa ọkọ̀ lọ wò ó lálẹ́. Bàbá mi ní òun ò lè gbé ibi tí wọ́n ti ní kí òun má ṣe ní ọkọ̀ tara òun, ṣùgbọ́n kò yéé sọ̀rọ̀ iná náà.

Àwa yòókù kọjú sí ìjọba. Ní 1973 ni báǹkì àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 1976, ọdún kan náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ kúrò lára Western State, Ọbásanjọ́ gbé ètò Operation Feed the Nation jáde, rédíò sì ń pariwo rẹ̀ tàárọ̀ tọ̀sán. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe òfin onídùúró: bí àgbẹ̀ bá yáwó ní báǹkì tí kò rí i san, àpò kan tí ìjọba àpapọ̀ àti Central Bank jọ dá yóò san ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tó bá kù nílẹ̀ fún báǹkì. 1978 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, ẹja pípa sì wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n lè torí rẹ̀ yáni lówó.

Lórí ìwé, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ó ku ohun tí a fẹ́ fi dúró. Ilẹ̀ ni fọ́ọ̀mù ń bèèrè: ìwé ilẹ̀, àwòrán ilẹ̀, iye tí ilẹ̀ tó. Ọ̀gá kan láti báǹkì wá wo ilé wa fúnra rẹ̀, ọmọ òkè, tó di etí ọkọ̀ mú gírígírí láti Igbókòdá títí ó fi dé. Ó gun àkàsọ̀, ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹni tó ń tọrọ owó, ó yọjú wolẹ̀ láàárín pákó méjì, ó rí omi.

Ó ní, "Bàbá, ilẹ̀ tí ilé yín wà lórí rẹ̀ ńkọ́?"

Bàbá náà ní, "Ó ń lọ, ó ń bọ̀."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Ó kọ "kò sí" síbẹ̀.

Ẹgbẹ́ ló yọ wá. Wọ́n ní bí a bá jẹ́ alájẹṣẹ́kù tó forúkọ sílẹ̀, tí a sì jọ dúró fún ara wa, àwọn á tún ọ̀rọ̀ wa gbé yẹ̀ wò. A dúró. Lójú ọ̀gá, a fọwọ́ sí ìwé. Nígbà tó lọ tán, a ṣe èyí tó le: a bá ara wa mulẹ̀ níwájú Ayélála pé ẹni tó bá gba ẹ́ńjìnnì kò ní sá fi gbèsè rẹ̀ sọ́rùn ẹlòmíràn. Wòlíì ìjọ Aládùúrà kan wà nínú ẹgbẹ́ wa. Òun náà wá. Ó ní òun kàn wá wòran ni.

Yamaha ni wọ́n kó wá, nínú àpótí pákó, gírísì ṣì wà lára wọn. Iye tí wọ́n kọ sọ́rùn wa kéré sí ti ọjà. Ìjọba ló fara mọ́ ìyókù. Ẹni tí kò bá fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lọ sójú òkun rí kò lè mọ ohun tí ọjọ́ yẹn jẹ́. Ibi tí apá àti èjìká ń gbé wa dé lọ́sàn-án gangan, a dé ibẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Bí ìjì bá ń ṣú bọ̀, a lè sá wálé. Àwọn obìnrin tí ọkọ wọn ti ń bọ́ sókun kí wọ́n tó bí àkọ́bí wọn sọ fún mi pé ọdún ẹ́ńjìnnì yẹn ni àwọn kọ́kọ́ sùn dáadáa. Ọkọ̀ tó kún fún sàwá á wálé lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Mo sọ gbogbo èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mò ń bá ẹ́ńjìnnì jà.

A sì san owó náà. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìyẹn dáadáa, nítorí wọ́n ti fi orúkọ burúkú kan apẹja ní báǹkì. Àwọn tó san tiwọn ní ẹgbẹ́ wa san án pé, ẹni méjì tí kò rí tiwọn san, a jọ bá wọn dá a.

Ṣùgbọ́n àjẹ̀ kì í mu epo. Ẹ́ńjìnnì ń mu ún láràárọ̀, yálà o rí ẹja tàbí o ò rí i. Ẹni tó ra epo kò lè gbé ẹja díẹ̀ wálé kó ní ọpẹ́ ni fún Olúwa. Ojú àwọ̀n wa bẹ̀rẹ̀ sí í kéré sí i. Èyí tí ọmọ ẹja ń gbà jáde tẹ́lẹ̀ kò gba ìka ènìyàn mọ́. Igi ẹ̀gbà tí wọ́n ń gé láti yan ẹja pọ̀ ní ìlọ́po, bẹ́ẹ̀ abẹ́ gbòǹgbò ẹ̀gbà ni ọmọ ẹja àti edé ń sá sí. Odò tí à ń sé ńkọ́? Oṣooṣù ni báǹkì ń gba owó rẹ̀. Màrìwò kì í ṣí odò lóṣooṣù. Ní ọdún kan, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kọjá màrìwò lọ́sàn-án gangan, wọ́n ní kí àwọn àgbà bá àwọn san owó báǹkì bí wọn kò bá fẹ́ kí àwọn wọlé. Kò sí àgbà tó rí èsì fọ̀. Ewúrẹ́ tí wọ́n ní kí wọ́n san, owó ẹja tí wọ́n pa níbẹ̀ ni wọ́n fi rà á. Láti ọdún yẹn ni màrìwò ti di ohun tí a kàn ń ta.

Mo ti rò ó títí. Ìjọba rán wa lọ́wọ́ kí a lè pa ẹja sí i. Kò sí fọ́ọ̀mù kan tí mo kọ rí, nínú gbogbo fọ́ọ̀mù tí mo kọ, tó ní àyè fún ẹja.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e kò dára. Ní 1984 ni koríko olódòdó elése àlùkò kan wọ ọ̀sà Èkó láti ìhà Bẹ̀nẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ó bo odò débi pé adìyẹ lè rìn lórí rẹ̀, ó ń wé mọ́ abẹ ẹ́ńjìnnì, ó ń ya àwọ̀n, ọmọ iléèwé kò rí ọkọ̀ wọ̀ kọjá. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ; kí 1987 tó parí, ó ti tó náírà mẹ́rin kí ènìyàn tó rí dọ́là kan. Jàpáánì ni ẹ́ńjìnnì ti ń wá, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ní 1987 yẹn náà ni ìjọba gbé ètò ìbánidójútòfò fún àgbẹ̀ kalẹ̀, wọ́n ní àwọn á san ìdajì owó rẹ̀. Mo sáré kọ lẹ́tà. Àgbàdo àti ìrẹsì, màlúù àti adìyẹ, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Apẹja kan tí ìjì gbé ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ bi mí bóyá a lè fi orúkọ ọkọ̀ náà sílẹ̀ ní màlúù.

Ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì, ó tó ohun tí a ń kọ ìwé lé lórí, mi ò ní wọ inú rẹ̀ lónìí ju pé ọ̀nà omi tí àwọn elépo gbẹ́ lágbègbè Awóyè ló ṣílẹ̀kùn fún omi iyọ̀ láti wọ igbó omi dídùn. Igi kú lórí ìdúró. Ẹja omi dídùn wábi gbà. Èyí tó kan ọ̀rọ̀ mi ni ti àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nílẹ̀ òkun. Òfin wà fún wọn. Òfin ẹja òkun ti 1992 ní wọn kò gbọdọ̀ wọ́ àwọ̀n láàárín máìlì òkun márùn-ún sí etíkun; ìwọ̀n ojú àwọ̀n wọn náà wà lákọsílẹ̀, mìlímítà 76 fún ẹja, 44 fún edé. Mo ní ẹ̀dà rẹ̀, mo sì máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún ẹgbẹ́ nípàdé. Lóru, a ó máa wo iná wọn nítòsí débi pé a ń gbọ́ orin tí wọ́n ń gbọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kọ́ọ̀kì díẹ̀ la ó rí níbi tí àwọ̀n wa wà. Ìjọba tó rówó ra ẹ́ńjìnnì kí a fi lé ẹja kò rówó ra ọkọ̀ kan tí yóò máa ṣọ́ máìlì márùn-ún náà fún wa.

Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé, ètò pọ̀ sí i. Ní 2001 Ìpínlẹ̀ Oǹdó dá àjọ OSOPADEC sílẹ̀ fún agbègbè elépo. Àjọ IFAD bá ìjọba gbé ètò kan kalẹ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ Niger Delta mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lórí bí ará abúlé yóò ṣe máa tọ́jú omi àti igbó wọn, Oǹdó wà nínú rẹ̀. Ètò Fadama kẹta náà dé. Èmi fẹ́ràn ọ̀nà Fadama: ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ mú ìpín tirẹ̀ wá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa tọ́jú owó pamọ́ kí wọ́n lè fi pààrọ̀ irinṣẹ́ tó bá gbó. Ìyá mi ì bá fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ adágún ẹja ni wọ́n máa ń gba apẹja nímọ̀ràn láti gbẹ́, ilẹ̀ ni wọ́n sì ń gbẹ́ adágún sí; a tún padà sórí ọ̀rọ̀ ọ̀gá tó yọjú wolẹ̀ láàárín pákó. Ti ẹ́ńjìnnì ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pín nígbà ìbò, mi ò ní dárúkọ ẹni tó ń pín in. Mo rí ọ̀kan ní Mákòkó l'Ékòó lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àmì "kì í ṣe títà" ṣì wà lára rẹ̀, ẹni tó ń tà á kò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àwọ̀n.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé Amẹ́ríkà ló sọ bí ìjọba tiwọn ṣe ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ fún mi. Ó ní lẹ́yìn tí ìjì eruku gbé ilẹ̀ oko wọn lọ ní àwọn ọdún 1930, ìjọba dá àjọ tó ń dáàbò bo ilẹ̀ sílẹ̀ ní 1935. Láti 1985, wọ́n ń sanwó lọ́dọọdún fún àgbẹ̀ tó bá fi ilẹ̀ tó ń ṣàn lọ sílẹ̀ fún koríko àti igi, ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ní, owó fún ẹni tí kò gbin nǹkan? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ti Bùràsíìlì tilẹ̀ sún mọ́ wa jù. Láti 1991, òfin wọn fún apẹja kékeré ní owó oṣù, iye tó kéré jù tí òfin ní kí òṣìṣẹ́ máa gbà, fún gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sé omi kí ẹja lè yé ẹyin. Gánà náà sé òkun fún ọlọ́kọ̀ onígi láti 15 oṣù karùn-ún sí 15 oṣù kẹfà ní 2019, ariwo sì pọ̀ níbẹ̀ nítorí ẹni tí wọ́n ní kó jókòó sílé ní ẹnu tó ń jẹun. Màrìwò ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ará Bùràsíìlì ló rántí fi owó oṣù ti tiwọn lẹ́yìn.

Ẹ má rò pé gbogbo àgbà abúlé wa gbà fún mi nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ irú owó oṣù yìí kalẹ̀ nípàdé. Ọ̀kan nínú wọn ní ibi tí wọn kò ti rí owó ìfẹ̀yìntì olùkọ́ san déédéé, ta ni yóò san owó ẹja tí a ò pa? Ó rí ọ̀rọ̀ sọ.

Báyìí, ọmọ Obe-Nla, ọmọ Ìlàjẹ, ni gómìnà. Ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òkun ní 2023, wọ́n sì ti kó ọ̀rọ̀ ẹja sábẹ́ rẹ̀. Ní Ayétòrò, tó tilẹ̀ ní ilẹ̀ nígbà tiwa, òkun ti gba ilé àti ibojì. Iṣẹ́ ìdènà òkun tí àjọ NDDC gbé jáde ní 2004 kò dá a dúró. Fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ tuntun sì ti jáde, ó ṣì ń bèèrè ilẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ gbé e wá bá mi kí n bá wọn wò ó, nítorí pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Níbi tí ó ti ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n ti kọ ẹ́ńjìnnì tó ní agbára ẹṣin 75. Mo ní kí wọ́n kọ ọkọ̀ ìṣọ́ kan sí i, àti irúgbìn ẹ̀gbà, àti owó oṣù fún ẹni tó bá so àwọ̀n rẹ̀ kọ́ ní ìgbà tí ẹja ń yé ẹyin.

Ọkọ̀ ìṣọ́, wọ́n gbà. Ẹ̀gbà, wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n gbà. Ti owó oṣù ló dá ariwo sílẹ̀. Alága wọn ní, "Bàbá, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni wá, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n." Mo ní kó fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ ná, kó rí bó ṣe rí lójú ìwé. Pẹ́ńsùlù náà ló ṣì wà níbẹ̀ títí di òwúrọ̀ yìí, ọjọ́ Ẹtì sì ni fọ́ọ̀mù gbọdọ̀ dé Igbókòdá.